Ọ̀dà abẹ́ gíléèsì ní kíláàsì ìkòkò mímọ: kí ló ń ba iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jẹ́?

Olùkọ́-Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ́ni ní ìkòkò mímọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ní Peckham, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àgbàlagbà mẹ́sàn-án ló ń wá ní òwúrọ̀, ọmọdé méjìlá ló ń wá ní ọ̀sán, iléru oníná mànàmáná kan ṣoṣo la sì ń lò. A máa ń sun iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kíní dé kóònù 04 (kóònù ni ègé amọ̀ kékeré tó máa ń tẹ̀ nínú iléru bí iná bá ti gbóná dé ìwọ̀n tirẹ̀), ìyẹn nǹkan bí 1060 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn náà ni a ó kun gíléèsì, tí a ó sì sun ún lẹ́ẹ̀kejì dé kóònù 6, tí í ṣe nǹkan bí 1222.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣàjèjì sí, ọ̀dà abẹ́ gíléèsì, tí wọ́n ń pè ní underglaze lára ìgò, ni àwọ̀ tí a fi ń ya àwòrán sára ìkòkò kí a tó da gíléèsì aláìláwọ̀ bò ó. Gíléèsì yóò yọ́ nínú iná, yóò sì dà bíi gíláàsì lórí àwòrán náà, ṣùgbọ́n ọ̀dà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ́ débi tí yóò fi ṣàn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju amọ̀ funfun, àwọ̀ tí wọ́n fi mẹ́táàlì bíi kóbáltì, kúróòmù àti irin ṣe, ìwọ̀nba gíláàsì lílọ̀ tí yóò dì í mú, àti gọ́ọ̀mù díẹ̀ kí búrọ́ọ̀ṣì lè rìn geere.

Ìṣòro mẹ́ta ló dé bá wa láàárín oṣù kan. Ìyá àgbà kan nínú kíláàsì òwúrọ̀ ya ẹja aláwọ̀ búlúù sára kọ́ọ̀bù tí a ti sun lẹ́ẹ̀kan. Sátidé méjì gbáko ni wọ́n fi ya ìpẹ́ ẹja náà nìkan. Nígbà tí wọ́n wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun gíléèsì lé e, mo fi ojú mi rí bí búlúù náà ṣe ń tẹ̀ lé búrọ́ọ̀ṣì káàkiri, nígbà tí a sì ṣí iléru, ẹja ti di kùrukùru. Ìkejì ni pé gíléèsì aláìláwọ̀ wa ń funfun bí omidùn ògì lórí ọ̀dà dúdú àti búlúù tó ki. Ìkẹta ni ọ̀dà pínǹkì, tó wọ iléru ní pínǹkì tó jáde ní àwọ̀ eérú.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n da gbogbo ìgò ọ̀dà náà nù, kí n lọ ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ìgò 24 ni wọ́n, owó òmíràn kò sí, n kò sì gbà pé ọ̀dà ló jẹ̀bi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà: ṣé ara amọ̀ tí a kò tíì sun ló yẹ kí wọ́n máa kùn ún sí ni, àbí ara èyí tí a ti sun?

Iná-1222

Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Èmi ni mo ń tọ́jú iléru mẹ́ta ní ibi iṣẹ́ ìkòkò kan ní Manchester. N kì í ṣe olùkọ́, nítorí náà ojú iléru ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má da ìgò kankan nù. Nínú ẹ̀sùn mẹ́ta tí ẹ kà, ó jọ pé méjì jẹ́ ti gíléèsì, ọ̀kan jẹ́ ti ọwọ́, ọ̀dà kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ti ẹja ni ti ọwọ́. Ìkòkò tí a ti sun lẹ́ẹ̀kan máa ń fa omi mu bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kàn án, omi inú ọ̀dà á wọlé, ìyẹ̀fun àwọ̀ nìkan ni yóò kù lókè, gọ́ọ̀mù díẹ̀ yẹn ló sì dì í mú. Gíléèsì tútù tí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbé lé e yóò tún gọ́ọ̀mù náà rẹ, búrọ́ọ̀ṣì yóò sì gbá àwọ̀ lọ. Ohun tí a máa ń ṣe níbi tiwa ni pé a ó dá ìkòkò tí a ti yà náà padà sínú iléru, pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ tuntun tó fẹ́ lọ fún sísun àkọ́kọ́ ní tiwọn, kí ọ̀dà lè lẹ̀ mọ́ ara amọ̀. Kò mú owó iná kún un, nítorí iléru náà yóò ṣáà lọ ni. Bí kò bá sí àyè fún ìyẹn, ẹ ri ìkòkò náà bọ gíléèsì dípò kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Kí ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ sì fà á jáde.

Ní ti fífunfun, mo fura pé gíléèsì yín ti nípọn jù. Ẹ wọn mìlílítà 100 nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rò ó dáadáa, kí ẹ sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Fún gíléèsì tí a ń ri ìkòkò bọ̀, gíráàmù 140 sí 145 ni mo máa ń wá. Nígbà tó bá ti gbẹ lára ìkòkò, ẹ fi abẹ́rẹ́ há a wò ní abẹ́ ìdí ife: ó yẹ kí ó fẹ́lẹ́ bí èékánná ọmọ ọwọ́. Gíléèsì tí bórọ́ònù pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó máa ń ṣe bí ìkùukùu jù bí ó bá nípọn, orí àwọ̀ dúdú ni ojú sì ti ń rí i.

Ti pínǹkì, ẹ bá mi wo ìwé tí wọ́n kọ èròjà gíléèsì yín sí. Ṣé síńkì wà nínú rẹ̀?

Tíṣà-Chicago

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè tí olùkọ́ béèrè gan-an. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 8 sí 11 níṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan níbí, ìṣẹ́jú 45 ni mo sì máa ń ní pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Amọ̀ tí a kò tíì sun ni mo fara mọ́, nígbà tó ṣì ń gan, tí kò rọ̀ mọ́ tí kò sì tíì gbẹ. Ní àsìkò yẹn búrọ́ọ̀ṣì kì í fà rárá, omi kì í sá wọ inú amọ̀, ọmọ lè fa ìlà gígùn kan láti etí abọ́ dé ìdí rẹ̀ láìdúró. Ọ̀dà àti amọ̀ yóò jọ gbẹ, wọn yóò jọ súnkì, sísun àkọ́kọ́ yóò sì dè wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọmọ fi búrọ́ọ̀ṣì kun gíléèsì lọ bọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, kò sí ohun tí yóò ṣí kúrò. Ẹja Màmá ìbá ti là á.

Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ pàdánù dídán rẹ̀ kí wọ́n tó gbé èkejì lé e, kí èkejì sì gba ọ̀nà mìíràn kọjá ti àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré kò burú bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà fẹ́ kí ojú ọ̀nà búrọ́ọ̀ṣì hàn, àmọ́ ọmọ tó kùn ún lẹ́ẹ̀kan tó sì retí pupa tó ki ni yóò sunkún lọ́jọ́ tí a bá ṣí iléru. Kóònù 05 ni mo ń sun gíléèsì tèmi dé, nítorí pé iná tí kò ga púpọ̀ máa ń jẹ́ kí àwọ̀ mọ́lẹ̀ sí i, abọ́ wa kì í sì í ṣe èyí tí a óò máa lò nínú ilé oúnjẹ.

Amọ̀kòkò-Èkìtì

Mo kí gbogbo yín. Ó lé ní 30 ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ amọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kí n tó fẹ̀yìntì. Mo gbà pẹ̀lú Tíṣà ní ti àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tó dára fún ọmọdé gbé àgbàlagbà.

Àgbàlagbà tó ń kọ́ iṣẹ́ máa ń fẹ́ pa nǹkan rẹ́. Ó ya imú, imú wọ́, ó fẹ́ tún un yà. Lára amọ̀ tí a kò tíì sun, bí ó bá fi fóòmù tútù nù ún, amọ̀ náà yóò bá a ṣí, ibẹ̀ yóò sì wá dà bí ọgbẹ́. Lára èyí tí a ti sun, yóò gbé ife sábẹ́ ẹ̀rọ omi, yóò fọ̀ ọ́, yóò jẹ́ kí ó gbẹ, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, ife tí a kò tíì sun kò ṣeé dì mú fún wákàtí méjì láìjẹ́ pé etí rẹ̀ kán. Èyí tó wá burú jù ni kí wọ́n kun ọ̀dà sára amọ̀ tó ti gbẹ táútáú. Omi ọ̀dà náà á rẹ etí rẹ̀ lójijì, mo sì ti rí i tí ó sán wẹ́ẹ́ lójú ẹni tó ń kùn ún. Nítorí náà, yálà kí amọ̀ ṣì máa gan, tàbí kí a ti sun ún. Kò sí àárín.

Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ti sun ni wọn yóò lò, ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ kì í kà sí. Ọwọ́. Ẹni tó fi òrí para lówùúrọ̀ tó sì gbá ife mú láìfọwọ́ yóò fi ọ̀rá sílẹ̀ níbẹ̀. Ojú kò ní rí i, ṣùgbọ́n gíléèsì yóò sá kúrò lórí ibẹ̀ nínú iná, yóò sì kó ara rẹ̀ jọ bí omi lórí ewé kókò. Eruku náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fún fóòmù tó mọ́ dáadáa, kí ẹ fi nu ife náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Omi díẹ̀ tó bá wọ ara ife kò ní jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì máa fà. Bí ẹ bá kán omi kan sí i tí ó dúró rogodo tí kò wọlé, ọ̀rá wà níbẹ̀. Ẹ tún ife náà sun.

Akẹ́kọ̀ọ́-Yaba

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Gáàsì la fi ń sun ìkòkò ní ẹ̀ka tiwa, nítorí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ iná ìjọba ṣe rí. Owó ìgò ọ̀dà kan láti òkè òkun kò ṣeé dá lábà fún akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá, ṣé a lè po tiwa fúnra wa, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dúró nínú iná gáàsì?

Amọ̀kòkò-Èkìtì

Ọmọ mi, ẹ lè pò ó. Ohun tí àwọn òbí wa ń pè ní ẹfun, òun ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Amọ̀ funfun wà ní Ìjerò-Èkìtì, ó wà ní Kankara ní Katsina, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ amọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí ló sì ń lò ó. Ìdá mẹ́ta tó dọ́gba ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: ìdá kan ẹfun, ìdá kan gíláàsì lílọ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ amọ̀, tí a ń pè ní frit, àti ìdá kan àwọ̀ tí wọ́n ti sun tí wọ́n sì ti lọ̀, tí a ń pè ní stain. Ẹ po ó pẹ̀lú omi, ẹ fi asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì bí a ṣe ń sẹ́ ògì, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù CMC díẹ̀ sí i. Bí ó bá gbẹ tó ń bọ̀ sí yín lọ́wọ́, gọ́ọ̀mù kéré. Bí ó bá dán nínú iná kí ẹ tó fi gíléèsì bò ó, gíláàsì lílọ̀ pọ̀, ẹ dín in kù.

Àwọ̀ tó wọ́n jù ni kóbáltì, ṣùgbọ́n ìba díẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀: bí ẹ bá fi gíráàmù 1 péré sínú gíráàmù 100 gíléèsì, gbogbo rẹ̀ á di búlúù. Kọ́pà kò dára fún ẹni tó fẹ́ kí ìlà rẹ̀ dúró. Ó máa ń ran gíléèsì lọ́wọ́ láti yọ́, ó máa ń tàn kálẹ̀, ó sì lè fò mọ́ ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fojú di ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé yín. Mo ti bu amọ̀ pupa rí, mo rẹ ẹ́, mo sẹ́ ẹ títí tí kò fi ní yanrìn nínú mọ́, mo kùn ún sára amọ̀ funfun tó ń gan, ó sì fún mi ní àwọ̀ ilẹ̀ tó jinlẹ̀ lábẹ́ gíléèsì. Kọ́bọ̀ kò jáde lápò mi.

Ní ti gáàsì, ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe ń fún iná ní afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá tó, tí èéfín kò sí, ọ̀pọ̀ àwọ̀ yóò dúró. Bí ẹ bá ń fi afẹ́fẹ́ du iná, pínǹkì tí wọ́n fi kúróòmù àti táńganran (mẹ́táàlì tí wọ́n ń pè ní tin) ṣe yóò kọ́kọ́ lọ. Kóbáltì àti irin ni kì í jáni kulẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin á yí àwọ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fi ń ṣeré. Nígbà tí ohun wọ̀nyí bá ṣì jẹ́ ìyẹ̀fun, ẹni kan ṣoṣo ni kí ó máa pò wọ́n, kí ó fi ìbòmú gidi bo imú, kì í ṣe aṣọ lásán. Eruku amọ̀ ní sílíkà nínú, sílíkà sì ń dá ọgbẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró lára ẹni tó bá ń fà á símú lọ́dọọdún. Mángánísì, mẹ́táàlì mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe àwọ̀, burú ní ìyẹ̀fun, ó tún burú ní èéfín iléru. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá iṣẹ́ amọ̀. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Olùkọ́-Peckham

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ àná nítorí pé n kò lè dúró de Sátidé. Ẹ̀gbọ́n Iná-1222, ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Mo ro gíléèsì náà dé ìsàlẹ̀ garawa, mo wọn mìlílítà 100, òṣùwọ̀n sì kà á sí gíráàmù 158. Garawa náà ti wà ní ṣíṣí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ti fẹ́ lọ nínú rẹ̀, gbogbo wa sì ń ri ìkòkò bọ̀ ọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìwé tó wà lára ògiri sọ pé síńkì ọ́ksáìdì 5 ló wà nínú gíráàmù 100.

Iná-1222

Síńkì náà ló gbé pínǹkì yín mì. Ọ̀pọ̀ pínǹkì inú ìgò ló jẹ́ kúróòmù díẹ̀ tí wọ́n sun pọ̀ mọ́ táńganran àti kálísíọ́ọ̀mù. Gíléèsì tí kálísíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ tí kò sì ní síńkì ló ń pa á mọ́. Kúróòmù àti síńkì kì í gbé pọ̀ kí àwọ̀ ilẹ̀ má jáde níbẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan náà yóò ti máa pọ́n díẹ̀. Ẹ fi garawa yìí sílẹ̀ fún búlúù àti dúdú, kí ẹ wá òmíràn tí kò ní síńkì fún pínǹkì àti àwọ̀ ewé, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ìdérí rẹ̀. Bí ẹ bá ń bu omi sí ti àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni, kí ẹ máa wọ̀n ọ́ títí yóò fi dé 145. Ọwọ́ kò lè yọ omi tó ti pọ̀ jù bọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó kun iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ ṣe táìlì ìdánwò. Ẹ gé amọ̀ pẹlẹbẹ, kí ẹ tẹ ìdí rẹ̀ kí ó lè dá dúró lóòró bí ara ife, nítorí gíléèsì tó ń ṣàn kì í fi ara hàn lórí ohun tó dùbúlẹ̀. Ẹ kun ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan sí apá òsì, lẹ́ẹ̀mejì sí àárín, lẹ́ẹ̀mẹta sí ọ̀tún, kí ẹ sì ri ìlàjì rẹ̀ bọ gíléèsì. Ọ̀dà náà ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé iná yóò jó ti pẹ́ńsù. Kò pọn dandan kí ẹ fi gbogbo ìgò 24 síta fún kíláàsì. Mẹ́jọ tó lójú ìdánwò sàn ju mẹ́rìnlélógún tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwà wọn lọ.

Ọmọ-Ẹbu

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé kíláàsì ìkòkò ti di kíláàsì ìgò ọ̀dà. Ìlọrin ni wọ́n ti bí mi, ìyá ìyá mi sì ń mọ ìkòkò. Wọn kò ní gíléèsì, wọn kò ní ọ̀dà. Bí ìkòkò bá ti jáde nínú iná tó ṣì ń gbóná, omi tí wọ́n sè láti ara èèpo èso igi igbá, igi tí a fi èso rẹ̀ ṣe irú, ni wọ́n ń wọ́n sí i lára, àwọ̀ dúdú tó ń dán yẹn sì ni ẹwà rẹ̀. Àwòrán ara ìkòkò wọn, gígẹ̀ ni wọ́n ń gé e sínú amọ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn owó náírà 20. Ladi Kwali nìyẹn, tó wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò Àbújá ní 1954, èyí tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí. Ọwọ́ ni ó fi ń mọ ìkòkò ńlá rẹ̀. Ó máa ń gé alángbá àti àkekèé sára rẹ̀, á fi omi amọ̀ funfun kún ojú gígẹ̀ náà, kí wọ́n tó da gíléèsì bò ó, kí wọ́n sì sun ún nínú iná tó ga. Kí ni ìyẹn bí kì í bá ṣe àwọ̀ abẹ́ gíléèsì? Olùkọ́, ẹ fún wọn ní dúdú nìkan fún oṣù kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìṣó gé ìlà sínú amọ̀ tó ń gan, kí wọ́n kun ọ̀dà dúdú sínú ìlà náà, kí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ há ojú rẹ̀ kúrò nígbà tó bá gbẹ. Ìlà tó kù kò ní ṣí, ẹni tó bá wù ú kó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a.

Tíṣà-Chicago

Mo fara mọ́ Ọmọ-Ẹbu, mo sì ti ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Àtúnṣe kan ni mo ní. Ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ tán kí ẹ tó há a. Bí ó bá ti gbẹ, eruku ni yóò máa fò sí ọmọ nímú, eruku tí Bàbá ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tó ṣì ń gan, yóò máa jáde ní pẹlẹbẹ bí èèpo ọ̀dùnkún.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìgò kún un, nítorí kíláàsì ló ń ba ìgò jẹ́. Ọmọ kan ti búrọ́ọ̀ṣì pupa bọ inú yẹ́lò, yẹ́lò kú nìyẹn. Bí ẹ bá sì ń da èyí tó ṣẹ́kù lórí àwo padà sínú ìgò, gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ yóò kan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo máa ń bu ṣíbí kan kan sínú ìdérí ike, ìgò á sì padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ara ìgò pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ Mayco ní ọjà kan tí wọ́n ń pè ní Stroke & Coat. Ó ń ṣe bí ọ̀dà abẹ́ gíléèsì lọ́wọ́ ẹni, ó dúró síbi tí a bá fi í sí, ṣùgbọ́n gíléèsì ni, ó ń yọ́. Velvet, ọ̀dà abẹ́ gíléèsì ti ilé-iṣẹ́ AMACO, kì í dán ní tirẹ̀ bí a kò bá fi gíléèsì bò ó ní iná kóònù 05. Ọmọ mi kan rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ó kun ti àkọ́kọ́ sí abẹ́ ìdí abọ́ rẹ̀, òòlù la fi yọ abọ́ náà lórí pẹpẹ iléru.

Bí wọn yóò bá fi ife náà mu nǹkan, ẹ má fi inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà nìkan, kódà bí ara ìgò bá sọ pé kò ní májèlé. Gíléèsì aláìláwọ̀ tó yọ́ dáadáa ni kí ẹnu àti oúnjẹ máa kàn. Mo máa ń fi ègé ọsàn wẹ́wẹ́ kan sórí àwo náà di ọjọ́ kejì. Bí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ bá ṣá, tàbí tí ojú gíléèsì náà kò dán mọ́, àwo òdòdó nìyẹn. Ti kò bá ṣá, ẹ̀rí pé ó pé kọ́ ni o, ó kàn jẹ́ pé kò tíì já sí wa lójú.

Olùkọ́-Peckham

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo padà wá jíṣẹ́. A bu omi sí garawa àtijọ́ títí òṣùwọ̀n fi kà á sí 144, a sì po tuntun tí kò ní síńkì. A ṣe táìlì 16 fún àwọ̀ mẹ́jọ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ gíléèsì méjèèjì. Ọ̀dà dúdú tí a kùn lẹ́ẹ̀mẹta mọ́ kedere lábẹ́ àtijọ́, kùrukùru ti lọ. Pínǹkì nọ́ńbà 7 jẹ́ eérú lábẹ́ ti àtijọ́, ó sì jẹ́ pínǹkì gidi lábẹ́ tuntun, ìgò kan náà, búrọ́ọ̀ṣì kan náà, iná kan náà. Mo kan táìlì méjèèjì mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tó ní kí n da ìgò nù sì wò wọ́n, kò sọ nǹkan kan.

Mo kó àwọn àgbàlagbà lọ sí British Museum, yàrá 95, láti wo ìkòkò òdòdó méjì tó ti Jingdezhen ní Ṣáínà wá, tí wọ́n ń pè ní David Vases nítorí Percival David tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tí etí wọn jẹ́ orí erin. Ọdún 1351 ni wọ́n kọ sára wọn, kóbáltì sì ni búlúù wọn. Bàbá, ẹ má bínú o: ara amọ̀ tí wọn kò tíì sun ni wọ́n yà á sí, wọ́n da gíléèsì lé e, wọ́n sì sun ún lẹ́ẹ̀kan.

Amọ̀kòkò-Èkìtì

Àwọn yẹn kì í fẹ́ pa imú rẹ́.

Olùkọ́-Peckham

Ẹ̀rín pa mí, Bàbá. Màmá ẹlẹ́ja ti mọ ife mìíràn. Wọ́n gé ẹja náà sínú amọ̀ bí Ọmọ-Ẹbu ṣe wí, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kún ìlà rẹ̀, wọ́n há a. Ó ti jáde nínú iná àkọ́kọ́ lánàá, ìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn rì í bọ gíléèsì, wọ́n kọ̀. Wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́kọ́ fi omi lásán kun orí ẹja náà, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ń ka ìpẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìrù, kí wọ́n tó ní kí n gbé garawa wá.